Bí Ọkọ̀ Tí Ń Lo Iná Mànàmáná Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Àwa ará Kàdúná kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Láti ọdún 1975 tí ilé-iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní ìlú yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti mọ inú 504 bí ẹni mọ owó. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó gé wáyà kan, a ó so òmíràn, a ó sì máa bá ìrìn àjò wa lọ. Ìmọ̀ yìí kan náà ni ó lè kó ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníbátìrì sí gbèsè lónìí.

Ọkọ̀ wọ̀nyí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona tí ń lo iná mànàmáná jáde ní Èkó. Ní ọdún náà ni àjọ NADDC ṣí ibùdó tí a ti ń fi agbára oòrùn gba iná sí ọkọ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ní Sókótó.

Ẹ jẹ́ kí a mú àìsàn tí ó wọ́pọ̀ jù. Ilẹ̀ mọ́, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé bátìrì olówó iyebíye ti lọ. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bátìrì méjì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí: ńlá tí ó wà ní abẹ́ ọkọ̀, tí agbára rẹ̀ máa ń ju 300 fóòtì lọ, àti kékeré ti 12 fóòtì, irú èyí tí a mọ̀ nínú 504. Kékeré yìí ni ó ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, òun ni ó sì ń pàṣẹ kí ńlá so pọ̀ mọ́ mọ́tò. Bí kékeré bá kú, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan, kódà kí ńlá kún dẹ́nu. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: bí ó bá tó 12.6 ó kún, bí ó bá wálẹ̀ ju 12 lọ, òun ni ẹ mú. A lè fi bátìrì òmíràn jí i ní ibi tí ìwé ọkọ̀ bá tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọkọ̀ oníbátìrì jí ọkọ̀ aládùúgbò, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá gbà á láàyè.

Bí fíúsì bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó fi wáyà lásán dípò fíúsì ń wá iná sí ilé ara rẹ̀. Wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí èèpo ọsàn tí ó pọ́n ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Agbára inú rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ ni yóò kọ̀ láti gba iná, ẹ̀bi náà yóò sì wà nínú ilé. Ní Doka wa níbí, a mọ bí gílóòbù ṣe ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní alẹ́ nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀. Ṣájà máa ń kọ irú iná bẹ́ẹ̀. Ó sì máa ń kọ iná jẹnẹrétọ̀ kékeré, nítorí pé kò rí wáyà tí ó wọ inú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní "earth". Kí ó tó di pé ẹ pe mẹkáníìkì, ẹ pe oníṣẹ́ iná ilé. Kí ó fa wáyà tí ó nípọn, tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀, fún ṣájà. Ṣájà tí ń fa 10 áḿpíà lórí 230 fóòtì yóò lo nǹkan bí wákàtí 28 kí ó tó kún bátìrì 64 kWh. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó kò lè fara da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáráńtì wá kù. Àdéhùn ni, ibi tí ó sì ti ń bàjẹ́ jù ni ọwọ́ ẹni tí ó wá so rédíò tàbí ẹ̀rọ asọ́kọ̀ mọ́ ọn. Ó gé wáyà kan péré, àwọn tí ó tà á yóò sì sọ pé ẹlòmíràn ti fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí àmì kan bá tàn ní iwájú awakọ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé sí ẹni tí ó tà á kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan. Bí ó bá kọtí ikún, òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún òǹrajà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, ẹ sì lè mú ẹjọ́ lọ bá wọn.

Ẹni tí ó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Wáráńtì tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ní òkè òkun lè má bá ọkọ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 2021, Hyundai pe ọkọ̀ tí ó tó 82,000 padà káàkiri àgbáyé, tí Kona pọ̀ jù nínú wọn, láti pààrọ̀ bátìrì wọn nítorí ewu iná. Ẹ gba nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, kí ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é léèrè bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe yìí, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.