Yìnyín Kì í Ṣe ti Ìlú Òtútù Nìkan: Ẹ Jẹ́ Kí Ìkìlọ̀ Ìjì Dé Ọ̀dọ̀ Wa Ní Èdè Wa

Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo Kambolé, Tchamba àti Sokodé, àwọn ọmọ wa tó wà ní Jámánì, Kánádà àti Amẹ́ríkà máa ń fi àwòrán ilẹ̀ funfun ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Àwa tí a wà nílé á ní: «Yìnyín ti bò wọ́n!» A ó káàánú wọn, a ó sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ó kàn wá o.

Ohun tó ń já bọ́ lọ́hùn-ún kì í ṣe oríṣi kan. Òjò dídì ló fúyẹ́ bí òwú. Òkè ló ti dì, afẹ́fẹ́ sì tutù títí dé ilẹ̀. Òmíràn á yọ́ lójú ọ̀nà, á tún dì kó tó balẹ̀, á wá máa ró lórí páànù bí òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tó léwu gan-an ni òjò tó rọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n tó dì bó ṣe kan ọ̀nà, igi tàbí wáyà iná. Irú rẹ̀ ló rọ̀ ní Québec, ní Kánádà, ní oṣù kìíní ọdún 1998. Òpó iná wó lulẹ̀, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn sì wà nínú òkùnkùn àti òtútù.

Yìnyín tiwa yàtọ̀: ooru ló ń bí i. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbé ẹ̀kán omi lọ sókè réré, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di òkúta. Omi mìíràn á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á máa dì, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Nígbà náà ni yóò já bọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ní Moradabad, ní Íńdíà, níbi tí ooru ti ń mú bíi tiwa, yìnyín pa ènìyàn 246 ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1888.

Bí ó bá bọ́, á ya ewé àgbàdo, á gbọn èso kajú àti máńgòrò dànù. Ìjì tó gbé e wá á ṣí páànù, omi á sì wọ inú àpò sóyà àti èlùbọ́ tí oníṣòwò fi owó ẹ̀yáwó rà.

ANAMET, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń kéde bí ìjì bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde tí ìyá arúgbó lóko kò gbọ́ yé, kì í ṣe ìkìlọ̀ fún un. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí mairie àti àwọn rédíò Tchamba àti Sokodé máa sọ ọ́ ní èdè wa, ní Tem àti ní Akaselem, lọ́jọ́ náà gan-an, kí òjò tó ṣú. Kò sẹ́ni tó lè sọ oko tí yìnyín yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ pé ìjì lè jà lónìí á tètè kó ẹrù wọlé.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ kan páànù yín mọ́lẹ̀ dáadáa kí oṣù kẹta tó dé. Ẹ gbé àpò ọjà kúrò nílẹ̀. Bí ìjì bá ká yín mọ́ oko, ẹ má sá sábẹ́ igi. Ẹ wọ ilé tó bá wà nítòsí. Bí yìnyín bá sì ti ba nǹkan jẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé e lọ sí mairie, nítorí pé òkúta yìnyín á ti yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.