Ìlú Kékeré, Ìtàn Ńlá: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ọ̀rọ̀ kan ń dun àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló mọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà dáadáa, àmọ́ bí a bá dárúkọ abúlé bàbá wọn, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ wo Òṣoògùn. Ó wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kì í sábà dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná nígbà tí ariwo ta pé ogun ti wọ̀lú. Bàbá rẹ̀ sáré wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àrímọ nìyẹn. Àwọn tó kógun wá so okùn mọ́ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá a padà, tí Àjàyí náà sì tún padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ àkọ́kọ́.

Lọ́dún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lórí òkun, ó di ará Sàró (Sierra Leone). Ọmọ yìí ni Samuel Àjàyí Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843, tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, tó sì ṣe alága ìpàdé àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó lọ́dún 1875. Lọ́dún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún pàdé ní Abẹ́òkúta. Jìnnìjìnnì bo ìyá náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Nítorí àkọtọ́ náà, lẹ́tà yìí gan-an, lọ́nà tí a gbà kọ ọ́, jẹ Òṣoògùn ní gbèsè.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Nínú ihò àpáta kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Ihò Eléérú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ènìyàn lọ́dún 1965, ó sì ti lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ nípa ẹṣin Ìsẹ́yìn? Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù tí wọ́n kó lọ́jọ́ náà ńkọ́? A ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òpìtàn Samuel Johnson náà bi àwọn arọ́kìn, àwọn apìtàn ààfin, léèrè, ó parí ìwé ìtàn Yorùbá lọ́dún 1897, ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó. Ó kú lọ́dún 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àkọsílẹ̀ tó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún un kọ, tó fi jáde lọ́dún 1921.

Fóònù ọwọ́ yín ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó tẹ ìlú dó, odò tí wọ́n ń pọn kí omi ẹ̀rọ tó dé, igbó tí wọ́n sá sí nígbà ogun. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sílẹ̀. Bí ti agboolé kejì bá yàtọ̀, ẹ kọ òun náà.