Ipò Ẹ̀fìnrín Nínú Ilé

Àgbàlá tí kò ní ẹ̀fìnrín ṣe aláìní ohun rere. Ẹ̀fìnrín ńlá a máa ga tó ìdúró ènìyàn. Bí a bá ń gé e déédéé, a máa rúwé fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀fìnrín wẹ́wẹ́ kò ga, ewé rẹ̀ sì kéré. Irúgbìn wọn kò fẹ́ kí a rì í jìn sínú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá mìíràn a máa gbé e ga ju ipò rẹ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, omi ẹ̀fìnrín nìkan ni wọn ó fún un. Lóòótọ́, òróró inú ewé náà ń pa kòkòrò àrùn nínú ìgò àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ omi ara ni ó ń pa ọmọ, ìwọ̀nba omi ewé kò sì lè dá a padà. Ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, tí orí wọn tẹ́jú, nínú lítà 1 omi mímọ́, ni kí ọmọ máa mu. Kí ìyá má sì dáwọ́ ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Kí ẹ̀fìnrín máa jọba nínú ìkòkò ọbẹ̀. Kí ó má ṣe jókòó sí àga oníṣègùn.