Aró Ìtòkú àti Kámẹ́rà Fóònù

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, aládìrẹ kì í sábà dúró de oníbàárà kó tó rẹ aṣọ. Á fi fóòmù tí wọ́n ti gé ní ọnà tẹ àbẹ́là yíyọ́ sára aṣọ funfun, á rì í sínú aró, á fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là náà, á sá a, lẹ́yìn náà ni yóò wá ẹni tí yóò rà á. Èyí tí kò bá wu oníbàárà á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí tí wọn yóò fi tà á ní gbàǹjo. Aṣọ ti lọ síbẹ̀, igi ìdáná ti jó, omi sódà tí wọ́n fi po aró ti ṣàn wọ gọ́tà.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ augmented reality lè dín òfò yìí kù. Ó ń gbé àwòrán lé ohun tí kámẹ́rà fóònù ń wò. Ní 2017, ilé iṣẹ́ alága IKEA fi jẹ́ kí oníbàárà rí àga nínú pálọ̀ rẹ̀ kó tó rà á. Bákan náà, ẹni tó wà l'Ékòó tàbí London lè rí ọnà Ọlọ́kun lára ara rẹ̀, kó sọ bí aró yóò ṣe dúdú tó, kí aṣọ tó kan omi rárá. Aládìrẹ ò sì tíì sá fún ohun tuntun rí: ayẹyẹ Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 pàápàá di ọnà lára àdìrẹ.

Ta ni yóò pinnu bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe rí? Ìtàn Abẹ́òkúta kọ́ wa pé kí wọ́n bi aládìrẹ. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà àdìrẹ kùtà, tí wọ́n ń ráhùn pé sódà ń ba aṣọ jẹ́, Aláké Ladapo Ademola fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró yarí. Wọ́n gba lọ́yà, ìgbìmọ̀ olùwádìí sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1936. Àwọn obìnrin náà ló mọ̀ pé ẹlú ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ìkòkò, pé omi eérú ò rọrùn láti sẹ́, pé sódà ló ń mú iṣẹ́ yá. Òfin tí kò bi wọ́n léèrè ò lè rọrùn fún wọn láti tẹ̀ lé.

Ní Norway, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Kristen Nygaard bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ onírin jókòó, kí wọ́n lè lóhùn sí kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀ wá sí ibi iṣẹ́ wọn. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ló yẹ Ìtòkú. Aládìrẹ ni yóò sọ pé ibi tí àbẹ́là bá ti sán ni aró ń gbà wọlé, tí yóò fa ilà tín-ín-rín tí ẹnikẹ́ni ò lè yà tẹ́lẹ̀. Fóònù tó bá fi aró hàn ní dídán gbinrin, láìsí ilà bẹ́ẹ̀, á mú kí oníbàárà máa retí aṣọ ilé iṣẹ́ China, á sì dá ti Ìtòkú padà. Aládìrẹ ni yóò tún béèrè ẹni tó ni ọnà tí ẹ̀rọ bá ti gbà sínú, nítorí ayédèrú ti kún ọjà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò aṣọ kan.