Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Jiyàn

Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìlú tí wọ́n ń kì pé olè ibẹ̀ a máa jàre olóhun, ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọjú sí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́, olùkọ́ ni a ó bá tí ń pe àròkọ fún àwọn ọmọ, tí wọ́n ń dà á kọ, kí wọ́n lè há a sórí, kí wọ́n sì pọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò WAEC. N kò di gbogbo ẹ̀bi ru olùkọ́, nítorí ohun tí òbí ń sanwó fún ni ó ń tà, ìdánwò JAMB tí í ṣe ilẹ̀kùn yunifásítì kò sì bèèrè ju pé kí ọmọ mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe ìdánwò náà kò ní bi í ní ìdí.

Bí a bá fi iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́sìnnì lé mi lọ́wọ́, kí ọmọ tó mú bírò, n ó ní kí ó kọ́kọ́ fẹnu rò ó, ní Yorùbá bí ó bá yá a lẹ́nu jù, bóyá ó yẹ kí a fòfin de ọkadà nígboro. Nígbà tí ó bá sì gbèjà ọlọ́kadà tán, tí ó ń rẹ́rìn-ín, n ó ní kí ó dìde gbèjà ìyá tí ọkadà kọ lu ọmọ rẹ̀, nítorí agbọ́tẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó kọ ọ́, kí ó kà á sókè, kí ó sì tún un kọ. Àfojúdi kọ́ o: ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ kí ó sì jiyàn.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1970, ní Ifẹ̀ tí a fi ọgbọ́n ọmọdé àti ti àgbà dá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn rárá, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti lẹ́sìnnì dé lálẹ́ òní, ẹ má bi í ní máàkì tí ó gbà. Ẹ bi í ní ohun tí òun àti olùkọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí olùkọ́ náà bá sì ránṣẹ́ pé ọmọ yín ti ń jiyàn jù, ẹ fowó kún owó rẹ̀.