Igi Ìgbẹ́ Tí Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Ẹni tí ó bá dé Kejetia ní ìlú Kumasi, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ṣòwò kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn kúrò ní Ghana, kò ní í pẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ bankye. Ẹ̀gẹ́ ni. Òun ni àwọn ará Àṣáńtì ń gún pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi ń di fùfú. Oúnjẹ tálákà ni a máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkọ́.

Àrùn kan wà tí í mú ewé ẹ̀gẹ́ ká kò, tí í sì dá àpá ràkọ̀ràkọ̀ sí i lára. Mòsáíkì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Eṣinṣin funfun tín-ń-tín ní í gbé e kiri. Àgbẹ̀ pàápàá a sì máa gbé e lọ sí oko tuntun, bí ó bá gé igi aláìsàn gbìn.

Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani ní Tanganyika, tí ó ti di apá kan Tanzania, Storey àti Nichols tọ ìbátan ẹ̀gẹ́ kan lọ: igi rọ́bà Ceará, tí a mú wá láti Brazil. Wọ́n mú òdòdó àwọn méjèèjì gbà fún ara wọn. Ọmọ tí ó jáde lè kojú àrùn, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ kò jọjú. Wọ́n tún mú un padà fún ẹ̀gẹ́ léraléra, wọ́n ń ṣa èyí tí ó dára, títí iṣu fi sanra tí agbára náà kò sì nù.

Láti inú ìdílé yìí ni ẹ̀yà 58308 ti wá. Ní IITA ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, Ọ̀mọ̀wé S. K. Hahn, ọmọ Kòríà tí ó dé ní 1971, lò ó láti mú irú ẹ̀gẹ́ TMS jáde. Ọ̀kan nínú wọn, TMS 30572, ni Ghana fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1993, tí wọ́n sọ ọ́ ní Afisiafi.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó sanwó iṣẹ́ yìí? Ìjọba amúnisìn ni ó ni Amani. Owó Ford àti Rockefeller ti Amẹ́ríkà ni a fi dá IITA sílẹ̀. A dúpẹ́ oore, ṣùgbọ́n ẹni tí ń retí ọbẹ̀ aládùúgbò lè sùn lébi. Àrùn mìíràn ti ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ó sì ti wọ Kóńgò. Inú iṣu ni í ti í jẹrà. Àgbẹ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ ìkórè. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, àpò ta ni a ó nawọ́ sí?

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí àwọn ìjọba wa fi owó tó jọjú sí ibùdó ìwádìí tiwa, bí irú èyí tí ó wà ní Fumesua lẹ́bàá Kumasi. Kí a sì dá igbó wa sí, nítorí àwọn ìbátan iṣu wa ṣì ń hù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí oko ilé-ìwé, kí ẹ kọ́ wọn bí a ti í ṣa igi ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ le. Àsíá kì í yó ni. Irúgbìn ni í bọ́ orílẹ̀-èdè.