Ẹ yé dẹ́rù bà wá: Linux kì í ṣe ti hacker nìkan (thread)

1/ Lónìí, mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀gá tech jà díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ọmọ Poly ní Ìlaró, fún télọ̀ ní Ayétòrò, pé Linux kì í ṣe fún irú wọn, pé àwọn hacker ló ni ín. Irọ́ ni. Irọ́ yẹn sì ń ná àwọn èèyàn lówó.

2/ Lọ́jọ́ 14 oṣù October 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10. Windows 11 ní tiẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ó ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa níbí ò lè dé bẹ̀. Kí ni ìmọ̀ràn yín? "Ẹ lọ ra tuntun." Owó dà, ọ̀gá?

3/ Ìmọ̀ràn kejì: "Lọ ṣe crack." Ha! Àwa ará bọ́dà, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní fàyàwọ́? Ṣùgbọ́n ìrẹsì fàyàwọ́, o jẹ ẹ́ tán, ó parí. Windows fàyàwọ́ kì í parí. Ẹni tó ṣe crack yẹn lè ti ki nǹkan míì sínú ẹ̀: èyí tó ń jí password, èyí tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó tó wá gbowó. Inú ẹ̀ lẹ fẹ́ ká kọ project wa sí?

4/ Kí la tiẹ̀ ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe? À ń wo fíìmù, à ń gbọ́ orin, à ń kọ assignment, à ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni Linux ò lè ṣe níbẹ̀? VLC wà níbẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris bẹ̀rẹ̀ ní 1996. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Firefox wà. Èmi tí mò ń ṣe fídíò, Kdenlive ni mo fi ń gé e. Kọ́bọ̀ kan, mi ò san.

5/ Kì í sì í ṣe àjèjì. Android inú fóònù yín, Linux ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ubuntu tẹ́ ẹ ń sá fún, ọmọ South Africa, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀rọ̀ Zulu àti Xhosa lorúkọ ẹ̀.

6/ Ẹ gbọ́ ìtàn tiwa náà. Ní 2007, kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 ń bọ̀ wá sí àwọn iléèwé Nàìjíríà, Mandriva Linux ló wà nínú wọn. Ṣàdédé la gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n fi Windows sí i. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft: kí lo ṣe fún wọn tí wọ́n fi yí ọkàn padà? Ẹ rò ó wò. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń du ọmọ iléèwé wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́, torí wọ́n mọ̀ pé èyí tí ọmọdé bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ló máa bá dàgbà. Àwa la ò mọ̀.

7/ Ẹ̀yin ọmọ Linux, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Ẹni tuntun ní fíìmù òun ò ṣí, ẹ ní kó lọ ka manual. Kí ló le níbẹ̀? Codec ni ò sí. Ọ̀rọ̀ patent ni kì í jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn látilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi Linux Mint sí i, ó máa béèrè bóyá ẹ fẹ́ multimedia codecs: ẹ máàkì í. Lórí Ubuntu, ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ:
sudo apt install ubuntu-restricted-extras
Ó tán.

8/ Mi ò ní tàn yín. Photoshop àti CorelDRAW ò ní bá a ṣe tààrà. Tó bá jẹ́ òun lẹ fi ń jẹun, ẹ fi Windows yín sílẹ̀. Méjèèjì lè jọ gbé inú láptọ́ọ̀pù kan. Ó sì ń jẹ dátà, Mint tó bíi 3GB. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbà á sílẹ̀, ogún èèyàn lè fi flash kan náà ṣe tiwọn. Ẹ pín in, òfin gbà á. Èyí kì í ṣe fàyàwọ́.

9/ Láptọ́ọ̀pù yín ti gbó? Ẹ wá Mint Xfce: RAM 2GB, àyè 20GB, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i látorí flash, ẹ dán an wò láì fọwọ́ kan Windows. Ẹ tọ́jú fáìlì yín síbòmíràn kẹ́ ẹ tó tẹ Install o! Keyboard Yorùbá wà nínú settings, lábẹ́ Nigeria.

10/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Ìlaró, ní Ayétòrò, níbikíbi: ẹ má fi terminal bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wo fíìmù, kó gbọ́ orin, kó tẹ lẹ́tà kan jáde. Tí ara ẹ̀ bá ti balẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á béèrè ìyókù.

Àwọn àgbà ní, ká gún iyán nínú odó ewé, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ní kò wúlò mọ́ yẹn, ẹ gbé e wá. A ò tíì jẹun tán nínú ẹ̀.